Kí ló fà á tí ásíìdì tí a tì sínú kànga epo olókùúta ẹfun kò fi so èso?

Akẹ́kọ̀ọ́ Kànga:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ epo rọ̀bì, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Niger Delta kí n tó wá sí ilẹ̀ Lárúbáwá tí mo wà báyìí. Ní Niger Delta, inú òkúta iyanrìn ni epo wà, àpòpọ̀ tí a sì sábà máa ń tì sínú kànga tó bá ti dí ni èyí tí HCl (ásíìdì haidirokilóríìkì) jẹ́ ìdá 12, tí HF (ásíìdì haidirofúlóríìkì) sì jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n kọ́ wa pé kí a máa rọra tì í wọlé láìkánjú, nítorí pé amọ̀ àti ìdọ̀tí tó dí ojú òkúta ni a fẹ́ fọ̀ kúrò, a kò fẹ́ kí òkúta náà tú.

Níbi tí mo wà nísinsìnyí, òkúta ẹfun ni gbogbo rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ǹtì. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé HF kò gbọdọ̀ débẹ̀, nítorí náà HCl ìdá 15 ni a lò. Kànga náà lọ tààrà sísàlẹ̀, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ibi tí a lu ihò sí lára páìpù kí epo lè wọlé gùn tó mítà 30, àyè inú òkúta náà jẹ́ nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ooru ìsàlẹ̀ sì tó 95°C. A ń tì ásíìdì náà wọlé díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan, ìfúnpá tí a ń rí lórí kànga já wálẹ̀ lójijì, inú gbogbo wa sì dùn, a gbà pé ọ̀nà ti là. Nígbà tí a ṣí kànga, epo lé díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ó padà sí iye rẹ̀ àtijọ́, omi tó ń bá a jáde sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní oṣù tó kọjá, a tún iṣẹ́ náà ṣe, a sọ ásíìdì di ìlọ́po méjì. Àbájáde kan náà ni a rí.

Ìbéèrè mi ni pé, níbo ni ásíìdì náà lọ? Ṣé ó kéré jù ni, àbí ọ̀nà tí a gbà tì í wọlé ni kò tọ́? Ọ̀gá wa fẹ́ kí a tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, n kò sì fẹ́ kí a tún ṣe àṣìṣe kan náà.

Àgbà Kànga:

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tí o kó wá láti Niger Delta kò burú, ibi tí o gbé e dé ni kò gbà á.

Nínú òkúta iyanrìn, amọ̀ ni HF ń jẹ, iyanrìn fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yọ́. Nínú òkúta ẹfun, HCl kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òkúta àti ohun tó dí i: òkúta gan-an ló ń yọ́, kíákíá ló sì ń yọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ fífọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ohun tí a ń wá ni pé kí ásíìdì gbẹ́ àwọn ọ̀nà tóóró tó gùn, tí yóò la ibi tí ẹrẹ̀ tí a fi gbẹ́ kànga ti bà jẹ́ kọjá, kí epo lè gba inú wọn dé kànga láìní fara kan ibi tó bàjẹ́ náà. Ihò ekòló ni àwọn ẹnjiníà ń pe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi, nítorí àwa náà ni a ń sọ pé bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un.

Ìyára tí ásíìdì fi ń wọ òkúta ló ń pinnu irú ihò tí yóò ṣẹ̀. Bí ó bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ṣe é, ojú òkúta tó kọ́kọ́ bá pàdé ni gbogbo agbára rẹ̀ máa tán sí. Ògiri kànga á fẹ̀ sí i díẹ̀, omi iyọ̀ tí kò lè jẹ nǹkan kan mọ́ ni yóò sì máa wọ inú lọ. Bí a bá fi díẹ̀ kún ìyára náà, ihò á bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò fẹ̀ lẹ́nu, yóò sì tín-ín-rín nídìí bí àrọ tí a fi ń da epo. Bí ìyára bá wá bá bí òkúta ṣe ń yọ́ mu, ihò tóóró díẹ̀ á ya àwọn yòókù sílẹ̀, wọ́n á máa fa ásíìdì sọ́dọ̀ ara wọn, àwọn tí kò gùn á kú sẹ́yìn, àwọn tó gùn á sì máa lọ. Bí a bá sáré kọjá ìwọ̀n yẹn, ẹ̀ka á yọ lára ihò náà bí irun gbòǹgbò, a ó sì máa ná ásíìdì sí orí ẹ̀ka tí kò dé ibi tó jìnnà.

Fi kànga tìrẹ ṣe ìṣirò. Lítà kan HCl ìdá 15 ń yọ́ nǹkan bí gíráàmù 220 òkúta ẹfun, ìyẹn mílílítà 81 òkúta tí kò ní ihò nínú. Bí a bá fẹ́ yọ́ gbogbo òkúta tó yí kànga rẹ ká tán pátápátá láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí dé mítà kan sí àárín rẹ̀, lórí mítà 30 yẹn, ásíìdì tí a ó nílò máa tó mítà kúbíìkì 920. Ta ni yóò ra ìyẹn? Ṣùgbọ́n bí ihò ekòló bá ṣẹ̀ bó ṣe yẹ, ásíìdì tó kún àyè inú òkúta yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ìyẹn mítà kúbíìkì 19, tó láti dé mítà kan náà, ó tilẹ̀ máa ń kéré sí bẹ́ẹ̀ nínú òkúta tí a gé wá sí yàrá ìwádìí. Nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín 920 àti 19 yẹn ni ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ wà. Ìlọ́po méjì tí ẹ ṣe kàn ń fẹ ẹnu kànga ni.

Nípa èrè tó wà nínú rẹ̀: bí kànga rẹ bá ń fa epo láti mítà 300 yí ká, tí kò sì ní ìbàjẹ́ kankan, ihò ekòló tó gùn dé mítà 3 á sọ epo rẹ̀ di nǹkan bí ìlọ́po 1.7. Bí ẹrẹ̀ bá ti bà á jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí skin rẹ̀ (òǹkà tí a fi ń wọn ìbàjẹ́ òkúta ẹ̀bá kànga) fi jẹ́ 10, iṣẹ́ kan náà lè sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ wá mọ skin kànga náà kí ẹ tó ná owó kankan sí i mọ́, nítorí kànga tí kò ní àìsàn kì í dáhùn sí oògùn tó bí èyí tó ń ṣàìsàn.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo kọ́kọ́ fi omi dánwò ní ìpele-ìpele láti mọ ìfúnpá tí àpáta yóò fọ́ sí, lẹ́yìn náà n ó tì ásíìdì wọlé kíákíá dé ibi tó súnmọ́ ìfúnpá yẹn láìkọjá rẹ̀. Paccaloni, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Agip ti Ítálì, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún ọ̀nà yìí, èmi náà sì gbà á gbọ́. Bí ihò ṣe ń gùn, àyè tí ásíìdì ń tàn sí ń fẹ̀, ìyára rẹ̀ ní ṣóńṣó ihò sì ń dín kù, nítorí náà ó yẹ kí ìyára pọ́ǹpù máa lé ni, kò yẹ kó máa dín. Ohun kan sì tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í kà sí: àdánù ẹni tó lọ́ra jù pọ̀ gan-an ju àdánù ẹni tó yára jù lọ. Bí ìwọ̀n gan-an kò bá dá ọ lójú, yára díẹ̀ sí i.

Ìyá Oníkẹ́mísírì:

Mo kí Àgbà Kànga fún àlàyé tó ṣe kedere. Mo fẹ́ mú apá kan tí wọn kò fọwọ́ kàn, èyí tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún wò nínú yàrá ìwádìí, nítorí pé ó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́ bí ìyára bá tilẹ̀ pé.

Moléékù HCl méjì ni yóò bá ẹyọ kálísíọ́ọ̀mù kábónéètì (ohun tí òkúta ẹfun jẹ́) kan jà, wọ́n á di kálísíọ́ọ̀mù kilóráìdì tó yọ́ sínú omi, omi díẹ̀, àti gáàsì CO2. Gbogbo èyí tí wọ́n dà ló ń bá omi jáde, ìdí nìyẹn tí HCl fi dára fún iṣẹ́ yìí. HF kò rí bẹ́ẹ̀: bí ó bá ti kan kálísíọ́ọ̀mù, kálísíọ́ọ̀mù fúlóráìdì ni yóò dà, ìyẹn sì jẹ́ èérún líle tí yóò dí ihò tí a ń gbìyànjú láti là. Ásíìdì inú bátìrì ọkọ̀ náà kò ṣeé lò, nítorí gípísọ́ọ̀mù ni yóò dà. Bí òkúta rẹ bá jẹ́ dólómáìtì dípò òkúta ẹfun, ìyẹn èyí tí maginíṣíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, yíyọ́ rẹ̀ máa lọ́ra, ihò ekòló rẹ̀ kò ní já geere bẹ́ẹ̀, ásíìdì tó pọ̀ jù ni yóò sì gbà. Àwọn méjèèjì lè wà nínú kànga kan náà, nítorí náà kí ẹ ti wo òkúta ìpele kọ̀ọ̀kan dáadáa ṣáájú.

Ohun tó dẹ́rù bà mí nínú ìtàn rẹ, ọmọ mi, ni gbólóhùn yìí: láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo wákàtí yẹn ni ásíìdì fi ń wẹ inú páìpù yín. Oògùn tí a ń pò mọ́ ásíìdì kí ó má baà jẹ páìpù ní wákàtí tó lè gbà á, bí ooru bá sì ṣe pọ̀ tó ni wákàtí náà ṣe ń kéré tó. Irin tó yọ́ lára páìpù, àti ìpẹtà tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, inú òkúta ni wọ́n lọ. Nígbà tí ásíìdì bá ń jẹ òkúta, pH rẹ̀ (ònkà tó máa ń kéré nígbà tí ásíìdì bá lágbára) ń gòkè. Bí ó bá ti kọjá 2, irin tó jẹ́ irú ti ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ sí í dì bí ẹrẹ̀ pupa, níbi tó jẹ́ pé a kò tún lè kó o jáde mọ́. Irú irin yìí kan náà ló ń mú kí àwọn nǹkan tó dà bí ọ̀dà nínú epo rọ̀bì dì nígbà tí ásíìdì bá kàn wọ́n. Mo ti rí ìgò tí a pò epo àti ásíìdì pọ̀ sí, tí kò sí ìyọnu kankan nínú rẹ̀. A kán irin díẹ̀ sí i, epo náà sì di ohun tí a kò lè fi asẹ́ tó dára jù sẹ́ mọ́. Epo tó lé fún ọ̀sẹ̀ méjì tó wá rọ̀ padà máa ń jẹ́ kí n fura sí ohun méjì, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ásíìdì tí kò lágbára púpọ̀ fọ inú páìpù, kí ẹ sì fà á jáde sórí ilẹ̀, ẹ má jẹ́ kó wọ òkúta. Ẹ fi ohun tó ń di irin mú sínú ásíìdì gan-an, irú bíi ásíìdì síítíríìkì. Ẹ gba epo kànga yẹn gan-an wá sí yàrá ìwádìí, ẹ má lo epo kànga ẹlòmíràn tó wà nítòsí, ẹ pò ó mọ́ ásíìdì tuntun àti èyí tó ti jẹ òkúta tán, pẹ̀lú irin nínú, ẹ gbé e sí ooru kànga, kí ẹ sì sẹ́ ẹ.

Bí irin tó ti bá imí-ọjọ́ pọ̀ bá wà lára páìpù, HCl á tú gáàsì H2S jáde láti ara rẹ̀. Gáàsì yẹn ń pànìyàn, kì í sì í jẹ́ kí imú gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́ bí ó bá ti pọ̀. Ẹ̀rọ tó ń mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo ẹni tó bá dúró síbi tí omi àkọ́kọ́ yóò ti jáde. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi eléyìí falẹ̀.

Ìtàn iṣẹ́ yìí fi hàn bí ọ̀rọ̀ páìpù ti ṣe pàtàkì tó. Ní 1896 ni Herman Frasch gba ìwé àṣẹ lórí lílo HCl nínú kànga olókùúta ẹfun, nígbà tó ń bá ilé-iṣẹ́ Standard Oil ṣiṣẹ́ ní Lima, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Epo lé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ásíìdì ń jẹ irin, wọ́n sì pa á tì fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ní oṣù Kejì ọdún 1932 ni ilé-iṣẹ́ Dow àti Pure Oil tún gbìyànjú rẹ̀ ní Michigan: gálọ́ọ̀nù 500 ni wọ́n tì sínú kànga kan tó ti kú, wọ́n sì pò ásẹ́níìkì mọ́ ọn kí ó má baà jẹ irin. Kànga náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú àgbá epo 16 wá lóòjọ́. HCl ti wà tipẹ́ nígbà yẹn; oògùn tó dáàbò bo páìpù ló jẹ́ kó ṣeé lò. A kì í lo ásẹ́níìkì mọ́ nítorí májèlé ni.

Ọ̀dọ́ Ẹnjiníà:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin àgbà. Ṣé kò ní rọrùn jù láti lo HCl ìdá 28 dípò ìdá 15? Lítà kan rẹ̀ ń yọ́ òkúta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ yóò sì lè dé ibi tó jìnnà kó tó tán.

Ìyá Oníkẹ́mísírì:

Òótọ́ ni ohun tí o sọ nípa agbára rẹ̀, nǹkan bí gíráàmù 440 ni lítà kan rẹ̀ ń yọ́, àwọn kan sì ń lò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ìjà rẹ̀ pẹ̀lú páìpù le ju ti ìdá 15 lọ, ọ̀dà inú epo sì tún máa ń tètè dì níwájú rẹ̀. Nínú kànga yìí, tí a kò tíì mọ ibi tí ásíìdì ń lọ, ohun tí yóò ṣe ni pé yóò tètè ba ibi kan náà jẹ́. Kí a kọ́kọ́ mọ ibi tó ń lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kànga:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti lọ wo àkọsílẹ̀ wa lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì rí ohun tí ó yẹ kí n ti rí tipẹ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́ kejì, wọ́n sọ ẹ̀rọ tó ń wọn ooru sínú kànga náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó tì í. Mítà 4 tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ṣì tutù nígbà tí gbogbo ibi yòókù ti padà sí ooru wọn. Ìyẹn ni pé ibẹ̀ ni gbogbo ásíìdì gbà lọ, mítà 26 tó kù kò sì tọ́ ọ wò. Ìpele tó wà ní ìsàlẹ̀ yẹn kò jìnnà sí ibi tí omi wà. Mo tún bi ẹni tó pò ásíìdì náà léèrè: oògùn páìpù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń di irin mú, a kò sì fọ páìpù ṣáájú. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà.

Ìbéèrè mi báyìí ni pé, bí mo bá tiẹ̀ yára tì ásíìdì bí Àgbà Kànga ti sọ, ṣé ibi mítà 4 yẹn kọ́ ni yóò tún gbà lọ? Báwo ni mo ṣe lè fi agbára darí rẹ̀ sí òkè? Ọ̀gá mi sì ń béèrè bóyá kí a kúkú fọ́ àpáta náà pẹ̀lú ásíìdì, kí ó lè dé ọ̀nà jíjìn lẹ́ẹ̀kan.

Ará Aberdeen:

Ìbéèrè yìí ló mú mi wọlé, nítorí pé ó ti gba ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfúnpá tó já wálẹ̀ tí inú yín fi dùn. Ó fi yé yín pé ásíìdì ti rí ọ̀nà. Kò sọ fún yín pé ọ̀nà mélòó ló rí. Ásíìdì nínú òkúta ẹfun máa ń gba ibi tó rọrùn jù, bí ó bá sì ti gba ibẹ̀, ibẹ̀ á tún rọrùn sí i, nítorí náà gbogbo ohun tí ẹ bá tún tì wọlé á tẹ̀ lé e. Bí a kò bá dá a dúró, kò ní yà síbòmíràn. Nínú kànga yín, ibi tó rọrùn jù ni ẹnu ọ̀nà omi. Èyí ni ohun kejì tí mo rò pé Ìyá ń fura sí.

Àwọn ọ̀nà tí a fi ń dá a dúró pọ̀, mi ò sì ka gbogbo wọn sí bákan náà. Àwọn kan ń ju bọ́ọ̀lù kéékèèké wọlé láti dí ihò páìpù, ó sì dára bí ihò náà bá ṣì yípo dáadáa tí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìn páìpù sì lágbára. Àwọn mìíràn ń lo ásíìdì tí a fi gáàsì naitirójìn pò títí ó fi ń hó bí ọṣẹ. Fún kànga tí omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ásíìdì tí a pò oògùn kan tó jọ ọṣẹ mọ́, tó ṣàn bí omi nígbà tó bá ń wọlé, ṣùgbọ́n tó ń ki bí ẹ̀kọ nígbà tó bá ti jẹ òkúta, tí kálísíọ́ọ̀mù sì ti pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá ti ki, ó dí ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì yà sí ibòmíràn. Ẹwà rẹ̀ ni pé epo rọ̀bì ló ń tú u. Níbi tí epo wà, yóò tú, yóò sì jáde láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Níbi tó jẹ́ omi nìkan ló wà, yóò dúró kíki fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó ń lo irú èyí tó ní pólímà tí irin ń so pọ̀ wà, mi ò sì sọ pé kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè fi ìdọ̀tí sílẹ̀, pàápàá níbi tí H2S bá wà.

Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ èmi, n kò ní gbé gbogbo ẹrù náà lé kẹ́míkà lórí. Ẹ sọ kọ́ìlì wọlé, ìyẹn páìpù gígùn tí a ká sórí kẹ̀kẹ́ ńlá, pẹ̀lú páákà lẹ́nu rẹ̀ tó lè fẹ̀ láti ya mítà 4 yẹn sọ́tọ̀, kí ásíìdì má tilẹ̀ rí ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá lo èyí tó ń ki bí ẹ̀kọ láàárín ásíìdì gidi láti pín in sí mítà 26 yòókù. Ẹ mọ̀ pé ihò kọ́ìlì tóóró, kò ní jẹ́ kí ìyára tí Àgbà Kànga ń fẹ́ ṣeé ṣe láti inú rẹ̀ nìkan. Nítorí náà, bí ẹ bá ti dí ìsàlẹ̀ tán, ẹ lè já páákà náà sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ fa kọ́ìlì jáde, kí ẹ sì tì ásíìdì gba inú páìpù ńlá.

Àpẹẹrẹ kan tí mo máa ń tọ́ka sí ni pápá epo Halfdan ní apá Dẹ́nmáàkì ti Òkun Àríwá. Òkúta ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn irú òkúta ẹfun kan tó rọ̀, ni, àwọn kànga ibẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì gùn ní kìlómítà mélòó kan. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe pín ásíìdì sí irú gígùn bẹ́ẹ̀? Ilé-iṣẹ́ Maersk Oil fi páìpù kan sínú rẹ̀ tí ihò ara rẹ̀ kéré, tí kò pọ̀, tí wọ́n sì jìnnà síra níwájú ṣùgbọ́n tí wọ́n súnmọ́ra bí a bá ṣe ń lọ sí ìparí. Nítorí pé ihò kò tó nǹkan, ìfúnpá kò lè tú dànù níbì kan, ìgbà tí wọ́n sì yára tì ásíìdì wọlé, ó dé ìparí kànga náà. Ìṣirò lórí ìwé ló ṣe iṣẹ́ tí kẹ́míkà ì bá ṣe. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ohun tó dára jù tí a ti ṣe nínú iṣẹ́ yìí.

Ní ti fífọ́ àpáta, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé kí wọ́n ní sùúrù. Nínú iṣẹ́ yẹn, a ń fi ìfúnpá la àpáta, ásíìdì á wá jẹ ojú méjèèjì rẹ̀ ní ségesège, kí wọ́n má baà lè pa dé pátápátá nígbà tí ìfúnpá bá kúrò. Ó dára fún òkúta tó le, tí epo kò lè rìn nínú rẹ̀. Òkúta tí àyè inú rẹ̀ tó ìdá 20 lè ṣàìnílò rẹ̀ rárá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìlà tí ẹ bá là kò ní mọ ibi tí omi bẹ̀rẹ̀, yóò sì lọ bá a nísàlẹ̀. Bí òkúta bá sì rọ̀, ìwúwo ilẹ̀ orí rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ pa padà. Ní Ekofisk ní Òkun Àríwá ti Nọ́wè, ní 1984, wọ́n rí i pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ti rì nítorí pé òkúta ṣọ́ọ̀kì abẹ́ rẹ̀ ń sún kì bí epo ti ń jáde, wọ́n sì ní láti fi jáàkì gbé àwọn ilé orí òkun náà sókè ní mítà 6 ní 1987. Kì í ṣe ásíìdì ló fa ìyẹn, mo mú un wá kí ẹ lè rí bí irú òkúta yìí ṣe lè rọ̀ tó.

Àgbà Kànga:

Mo gbà pẹ̀lú Ará Aberdeen, mo sì tọrọ àforíjì pé mo sọ̀rọ̀ ìyára láìbéèrè ibi tí ásíìdì ń lọ. Ìyára láìsí ìdarí ì bá ti ti gbogbo rẹ̀ wọ inú omi.

Àbúrò, o béèrè bóyá èyí tó kéré ni ẹ lò. Bí ẹ bá dí ìsàlẹ̀ tán, mítà 26 ló kù. Má fi iye tí ẹ lò ní ìgbà kejì ṣe òdiwọ̀n. Padà sí ìṣirò àyè inú òkúta tí mo ṣe lókè, fi 26 rọ́pò 30, pinnu bí o ṣe fẹ́ kí ihò náà gùn tó, kí o sì fi díẹ̀ kún un nítorí pé kànga kì í gbọ́ràn bí òkúta inú yàrá ìwádìí. Ooru 95°C kò tíì pọ̀ débi tí HCl ìdá 15 yóò fi di ìṣòro, nítorí náà n kò rí ìdí láti lọ sí ásíìdì fọ́míìkì tàbí asẹ́tíìkì, tàbí èyí tí wọ́n ń fi dísẹ́ẹ̀lì bo kí ó lè lọ́ra. Àwọn yẹn wà fún kànga tó gbóná jù èyí lọ.

Bí ẹ bá sì parí, ẹ má jẹ́ kí ásíìdì tó ti lò tán sùn sínú òkúta mọ́jú. Ẹ ṣí kànga náà lọ́jọ́ náà gan-an.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kànga:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Lọ́jọ́ Ajé, mo fẹ́ gbé ètò tuntun lọ síwájú ọ̀gá mi: kí a kọ́kọ́ wọn skin kànga, kí a fọ páìpù, kí a ya ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀, kí a fi omi dánwò láti mọ ìfúnpá tí yóò fọ́ àpáta, kí a tó wá fọwọ́ kan ásíìdì. Mo ti ní kí wọ́n gba epo kànga náà sínú ìgò fún àyẹ̀wò. Ṣé ohun kan tún wà tí mo gbàgbé?

Ìyá Oníkẹ́mísírì:

Táǹkì, ọmọ mi. Lọ wo inú táǹkì ọkọ̀ tí yóò gbé ásíìdì náà wá, kí o sì wọn irin inú ásíìdì fúnra rẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá pò ó tán, kó tó dé pọ́ǹpù. Mo ti rí ásíìdì tó ti pupa láti inú táǹkì kó tó rí kànga rárá. Nígbà tí ẹ bá sì ń ṣí kànga padà, gba omi tó ń jáde sínú ìgò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kọ àkókò sí ara ìgò kọ̀ọ̀kan, kí o sì wọn pH, irin àti kálísíọ́ọ̀mù inú wọn. Kálísíọ́ọ̀mù á sọ iye òkúta tí ẹ yọ́ fún ọ, irin á sì sọ iye páìpù tí ẹ jẹ. Bí o bá rí èsì rẹ̀, kọ ọ́ síbí fún wa.